Ìpàdé Mọ̀lẹ́bí ní Great Smoky Mountains: Orúnkún Màmá Ni Kí Ẹ Fi Ṣe Òṣùwọ̀n

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Àwa ọmọ bàbá kan náà, pẹ̀lú ọkọ, ìyàwó àti àwọn ọmọ wa, jẹ́ 34. A wà ní Maryland, Atlanta, Houston àti London. Màmá wa ti pé ọdún 78, ọ̀dọ̀ mi ní Maryland ni wọ́n ń gbé. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. A fẹ́ kóra jọ ní Great Smoky Mountains lọ́dún tó ń bọ̀, fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin. Lórí Wásáàpù, wọ́n ti ń sọ pé ká se jọ̀lọ́ọ̀fù lórí òkè, ká gbé DJ lọ, ká da aṣọ ẹbí, ká fi dróònù ya fọ́tò. Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó ẹbí. Ibi tí ẹ mú yẹn bá yín mu. Láti Atlanta dé Gatlinburg, ìlú tó wà lẹ́nu ọ̀nà òkè náà, jẹ́ nǹkan bí 200 máìlì, àwọn ará Maryland lè fi odidi ọjọ́ kan wà á, àwọn ti Houston àti London á wọ bàálù dé Atlanta tàbí Knoxville. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, orúnkún Màmá ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹ fi orúnkún yẹn ṣe òṣùwọ̀n ilé tí ẹ máa háyà, ibi tí ẹ máa jókòó jẹun àti ọ̀nà tí ẹ máa gbà. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ lẹ fi wọn ètò, inú ọkọ̀ ni Màmá máa jókòó sí fún ọjọ́ mẹ́rin, tí wọ́n á máa retí pé kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè.

Ohun kejì ni pé kí ẹ ya òde àríyá sọ́tọ̀ kúrò lára òkè. Igbó ọba, èyí tí wọ́n ń pè ní national park, ni Great Smoky, bí Old Oyo ṣe jẹ́ igbó ọba nílé. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá a sílẹ̀ ní 1934 lójú ààlà Tennessee àti North Carolina, ó ju 500,000 éékà lọ, iye ìgbà tí èèyàn ń wọ ibẹ̀ lọ́dún sì ju mílíọ̀nù 11 lọ. Kò sí igbó ọba mìíràn ní Amẹ́ríkà tí èrò ń wọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà òfin rẹ̀ le. Ẹ̀rọ orin, jẹnẹrétọ̀ àti ohun èlò orin, tó fi mọ́ gángan, kò gbọdọ̀ dún ju 60 decibel lọ létí ẹni tó dúró ní 50 ẹsẹ̀ bàtà sí i. Ìwọ̀n ohùn èèyàn méjì tó jókòó ń tàkúrọ̀sọ nìyẹn. DJ yín ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Dróònù náà kò ṣeé ṣe: láti 2014 ni wọ́n ti fòfin dè é nínú gbogbo igbó ọba ìjọba àpapọ̀, bí àwọn olùṣọ́gbó bá sì rí i, ìtanràn ni. Bí Màmá bá rí ewé tó jọ èyí tí wọ́n mọ̀ nílé, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n má já a, kí wọ́n má hú gbòǹgbò rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ máa lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó. Àwọn ilé ìwé London kì í gba ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù keje. Àwọn ọmọ Atlanta sì ti máa ń padà sí kíláàsì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Nítorí náà àlàfo kékeré ló wà fún yín, ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù keje. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ mú nínú rẹ̀, ẹ fi òpin ọ̀sẹ̀ sílẹ̀, torí owó ilé máa ń dínkù láàárín ọ̀sẹ̀, ojú ọ̀nà náà á sì fúyẹ́ díẹ̀. Oṣù keje kì í ṣe oṣù tó tutù jẹ́jẹ́ níbẹ̀ o. Oòrùn á mú nísàlẹ̀, òjò àti àrá sì máa ń dé lọ́sàn-án. Òun ló fà á tí gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Ẹnì kan lè sọ pé oṣù kẹwàá ló dára jù torí àwọ̀ ewé. Òótọ́ ni pé ó rẹwà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wà nílé ìwé nígbà náà, èrò sì máa ń pọ̀ jọjọ.

Bí ẹ bá ti mú ọjọ́, àtíbàbà ló kàn, ìyẹn ibi ìjẹun onítábìlì tí wọ́n kọ́ òrùlé lé lórí, tí wọ́n ń pè ní pavilion. Àtíbàbà mẹ́fà ló wà nínú igbó náà tí ẹbí lè gbà sílẹ̀: Collins Creek, Cosby, Deep Creek, Greenbrier, Metcalf Bottoms àti Twin Creeks. Orí ìkànnì Recreation.gov ni wọ́n ti ń gbà á, ọdún kan ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń ṣí i sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù keje lẹ fẹ́, ẹ wo déètì yẹn lónìí, kí ẹnì kan nínú yín sì wà lórí ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ tó bá pé ọdún kan géérégé sí i. Ẹ ka iye èèyàn tí wọ́n kọ sí iwájú àtíbàbà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó. Má wulẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé "tábìlì pọ̀ níbẹ̀, a máa rí jókòó." Tábìlì wà lóòótọ́, ẹni tó bá tètè dé ló ni ín. Ṣùgbọ́n èèyàn 34 ò ní rí tábìlì mẹ́fà tó fara kanra lóṣù keje lẹ́yìn aago 10 àárọ̀, bí òjò bá sì dé, kò sí òrùlé lórí wọn.

Èyí tí màá mú fún yín ni Metcalf Bottoms. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, odò Little River ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, èèyàn sì lè gba Wears Valley débẹ̀ láìfojú kan ìdíwọ́ ọkọ̀ Gatlinburg àti Pigeon Forge. Àwọn ọmọdé lè fẹsẹ̀ rìn kò tó máìlì kan láti ibẹ̀ lọ wo ilé ìwé onígi Little Greenbrier tí wọ́n kọ́ ní 1882, kí wọ́n sì padà kí oúnjẹ tó dé orí tábìlì. Greenbrier ni màá fi ṣe èkejì.

Èyí náà ló máa sọ ibi tí ẹ máa sùn. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló wà nínú igbó náà, LeConte Lodge, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń gun òkè débẹ̀, ọ̀nà tó kúrú jù lọ sì tó nǹkan bí máìlì márùn-ún. Ibi àgọ́ wà, ṣùgbọ́n kò sí ilé ìwẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní iná mànàmáná. Kì í ṣe ti ẹni ọdún 78 tí orúnkún ń dùn. Nítorí náà ìta igbó ni ẹ máa sùn, nínú àwọn ilé onígi tí wọ́n ń fi háyà, èyí tí wọ́n ń pè ní cabin. Ẹ wá a ní Wears Valley tàbí Townsend. Gatlinburg kún fún ṣọ́ọ̀bù àti ariwo, ìdíwọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sì lè gba wákàtí kan lọ́wọ́ yín ní òwúrọ̀ tí ẹ nílò rẹ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ ilé yìí ló sábà máa ń dàrú, ẹ jẹ́ ká dúró lé e lórí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ilé kan gba èèyàn 34, wọ́n ti ka àga tí wọ́n ń tẹ́ di bẹ́ẹ̀dì àti bẹ́ẹ̀dì alájà inú àjà mọ́ ọn. Ẹ ka yàrá tó ní ilẹ̀kùn, ẹ ka ilé ìwẹ̀. Ilé ìwẹ̀ kan fún èèyàn márùn-ún kò burú. Kan fún mẹ́jọ, ìjà ni láàárọ̀. Ẹ béèrè bóyá yàrá kan wà ní ìsàlẹ̀ tó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ láìgun àtẹ̀gùn, kí ẹ sì béèrè iye àtẹ̀gùn tó wà láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé ẹnu ọ̀nà. Fọ́tò wọn kì í fi èyí hàn. Ọ̀pọ̀ ilé orí òkè ló jẹ́ pé yàrá ńlá wà lókè, yàrá ìsùn wà lábẹ́, àtẹ̀gùn 15 sì wà láàárín. Ẹ béèrè bóyá ọ̀nà tó wọ ilé jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó dagun, torí ọkọ̀ kékeré tó kún fún ẹrù lè máa yọ̀ lórí rẹ̀ nínú òjò. Ẹ béèrè iye ọkọ̀ tó lè dúró.

Fún èèyàn 34, èmi ò ní gba ilé ràgàjì kan ṣoṣo. Ilé méjì tàbí mẹ́ta tó dojú kọra ló sàn jù. Ẹ sọ ọ̀kan di ilé àgbà: Màmá, ẹni tó ń tọ́jú wọn, àwọn tó ní ọmọ ọwọ́. Ibẹ̀ á dákẹ́ láago mẹ́sàn-án alẹ́. Ilé kejì ni ti ìdáná àti ìkórajọ, kí àwọn ọ̀dọ́ wà nínú ẹ̀kẹta. Bí omi bá dá lójijì nínú ọ̀kan, ẹ ṣì ní ibòmíràn.

Ẹ ka ìwé àdéhùn dé òpin. Ọ̀pọ̀ wọn ló sọ pé àríyá kò gbọdọ̀ wáyé, ariwo sì gbọdọ̀ dákẹ́ láago 10 alẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ DJ gidi, aṣọ ẹbí, gèlè àti ìnáwó owó, ẹ háyà gbọ̀ngàn nínú ìlú fún alẹ́ kan, kí ẹ san owó rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó sàn ju kí onílé gba owó ìdúró yín lọ nítorí ariwo.

Ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá wà ńkọ́? Nínú ilé onígi, ata díndín lè mú un ké láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, torí iná ni ẹ̀rù àwọn onílé. Ẹ dín ata yín nílé kí ẹ tó kúrò ní Maryland àti Atlanta. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dà á sínú ọ̀rá tó ṣeé dé ní fẹ̀ẹ́rẹ́fẹ̀ẹ́, lítà kan sí ọ̀rá kan, kí ẹ tò ó pẹlẹbẹ sínú fìrísà. Bó bá ti gan, á ṣiṣẹ́ yìnyín nínú kúlà lójú ọ̀nà, ẹ ò sì ní dín nǹkan kan níbẹ̀ ju dòdò lọ. Ẹ kó èlùbọ́, gàrí, ẹja gbígbẹ, ìrú àti ẹ̀fọ́ láti ilé. Ẹ má fọkàn sí i pé ẹ máa rí wọn rà nítòsí òkè.

Fún oúnjẹ ọ̀sán kan ní àtíbàbà, ẹ jẹ́ ká ní ẹ jẹ́ àgbà 26 àti ọmọdé 8: kílò 4 ìrẹsì tútù, ègé adìẹ 60, mọ́ínmọ́ín 40 láti inú ẹ̀wà bíi kílò méjì ààbọ̀, lítà 4 ata díndín, páálí omi 5 tó ní ìgò 24 nínú, àpò yìnyín ńlá méjì. Bí àwọn Mùsùlùmí bá wà nínú ẹbí, kí gbogbo adìẹ jẹ́ halal, kí ọ̀rọ̀ ìkòkò méjì má tilẹ̀ wáyé.

Ẹ se ìrẹsì nínú ilé láàárọ̀, kì í ṣe lálẹ́ àná. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí iná kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá wà lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, á pọ̀ sí i, á sì tu oró tí gbígbé e kaná padà kò lè mú kúrò. Òun ló máa ń mú odindi ẹbí bì lálẹ́ ọjọ́ àpèjẹ, tí wọ́n á ní omi ló fà á. Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí: ẹ da omi híhó sínú kúlà tó ṣófo, ẹ dé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ da omi náà nù. Ẹ gbé ìkòkò ìrẹsì kúrò lórí iná sínú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fi fóìlì bò ó lábẹ́ ọmọrí, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì dí gbogbo àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì má ṣí i wò. Ìrẹsì tó wọnú rẹ̀ láago 9 á ṣì máa jóni lẹ́nu láago 12. Oúnjẹ gbígbóná kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju ìwọ̀n ooru 60 Celsius lọ, ti tútù kò gbọdọ̀ ju 4 lọ. Èyí tó bá wà lórí tábìlì ju wákàtí méjì lọ, tàbí wákàtí kan bí ooru ọjọ́ náà bá ju 32 lọ, ẹ dà á nù. Ó máa ń dun àwọn ìyá wa láti da oúnjẹ nù, nítorí náà ẹ bù ú kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Adìẹ ni kí ẹ fi ìdáná ìta ṣe. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú ilé kó jinná, kí ẹ wá fi èédú yan án níbẹ̀ lórí ààrò tí wọ́n ṣe sí ibi ìjẹun. Èédú inú àpò kò ní wàhálà. Igi ìdáná ni wọn kì í gbà kí wọ́n gbé wọlé, àfi èyí tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀ tí ìwé ẹ̀rí sì wà lára rẹ̀, torí kòkòrò inú igi láti ibòmíràn ti pa igi púpọ̀ nínú igbó Amẹ́ríkà. Omi abọ́ àti epo ò gbọdọ̀ wọ odò. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì ṣíṣófo kan lọ fún wọn.

Òórùn adìẹ yíyan àti ẹja gbígbẹ yẹn, béárì náà ń gbọ́ ọ. Nǹkan bí 1,900 ló wà nínú igbó náà. Òfin sọ pé èèyàn kò gbọdọ̀ sún mọ́ béárì tó 150 ẹsẹ̀ bàtà, ẹni tó bá sì fún un lóúnjẹ dá ẹ̀ṣẹ̀, nítorí béárì tó bá ti mọ oúnjẹ èèyàn lẹ́nu á di ewu, wọ́n sì lè pa á. Ẹ yan ẹnì kan tí kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn ju kó máa wo tábìlì lọ. Bí béárì bá yọ, ẹ má sáré. Ẹ kó àwọn ọmọ sáàárín, ẹ dúró pọ̀, ẹ pariwo, ẹ máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ẹ má ju oúnjẹ sí i. Nílé tí ẹ bá háyà náà, ẹ má fi kúlà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tàbí ní ìta lálẹ́, ẹ sì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́: béárì àgbègbè yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọwọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Síbẹ̀, odò ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù ju béárì lọ. Òkúta inú rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá, omi náà tutù, bí òjò bá rọ̀ lórí òkè tí ẹ ò tilẹ̀ rí, odò lè kún láàárín àkókò kúkúrú. Àgbà kan sí ọmọ méjì, kí àgbà náà dúró nínú omi pẹ̀lú bàtà onírọ́bà tó di ẹsẹ̀ mú. Kó má jókòó sétí odò máa tẹ fóònù. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣí òkúta, kí wọ́n má fi òkúta dí omi. Abẹ́ òkúta wọ̀nyẹn ni ẹranko kékeré kan tó dà bí alángbá, tí awọ rẹ̀ ń yọ̀, ń gbé. Salamander ni orúkọ rẹ̀, nǹkan bí irú 30 ló sì wà nínú igbó yìí. Bí òkúta bá ti ṣí, ẹyin rẹ̀ máa ń bá omi lọ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Igbó yìí kì í gba owó ẹnu ọ̀nà, torí nígbà tí ìpínlẹ̀ Tennessee ń fi ọ̀nà Newfound Gap lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ ní 1951, ó fi sínú àdéhùn pé wọn ò gbọdọ̀ gba owó ibodè lójú ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹta 2023, ọkọ̀ tó bá dúró síbì kan ju ìṣẹ́jú 15 lọ gbọ́dọ̀ ní káàdì ìgbọ́kọ̀sí: dọ́là 5 fún ọjọ́ kan, 15 fún ọ̀sẹ̀ kan, 40 fún ọdún kan. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ní tirẹ̀. Káàdì ọlọ́dún kan tí wọ́n fi ń wọ àwọn igbó ọba yòókù kò dípò rẹ̀. Ọkọ̀ márùn-ún tó ń gba èèyàn méje á gbé gbogbo yín, torí náà dọ́là 75 ni káàdì ọlọ́sẹ̀ kan. Bọ́ọ̀sì ńlá kì í ṣe ohun tí màá gbà yín níyànjú, torí àwọn ọ̀nà kan bíi Roaring Fork kì í tilẹ̀ jẹ́ kó wọlé.

Kò sí ilé epo kankan nínú igbó náà, ní ọ̀pọ̀ ibi fóònù kò sì ní lọ. Bí ẹ bá ti wọlé, Wásáàpù parí nìyẹn. Ẹ tẹ máàpù sórí ìwé, ẹ̀dà kan sí ọkọ̀ kan, kí ẹ kọ aago àti ibi tí ẹ ó ti pàdé sára rẹ̀. Kí olórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ka èèyàn rẹ̀ kó tó ṣíná. Ẹ so fèrè mọ́ ọrùn ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ́ wọn pé bí wọ́n bá ṣìnà, kí wọ́n dúró ti igi kan, kí wọ́n fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n má rìn síwájú. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ẹ kó ọkọ̀ sí jíà kékeré. Ẹni tó bá fi bíréèkì nìkan sọ̀, á gbóòórùn jíjó rẹ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀, bíréèkì gbígbóná sì lè kọ̀ láti mú.

Bí mo ṣe máa to ọjọ́ náà nìyí. Ọjọ́ Ajé, ẹ dé, ẹ sinmi, ẹ jẹ àmàlà nínú ilé. Ìṣẹ́gun ni ti àtíbàbà, aago 9 àárọ̀ sí aago 2, kí òjò tó dé. Ọjọ́rú, ẹ gbé Màmá lọ sí Newfound Gap. Ẹ kúrò nílé láago 7. Láti Sugarlands, ibùdó àlejò igbó náà lẹ́bàá Gatlinburg, nǹkan bí máìlì 13 ni ọ̀nà ọlọ́dà títí dé ibẹ̀, òkè náà sì ga tó 5,046 ẹsẹ̀ bàtà. Ìdí tí mo fi yan ibẹ̀ ni pé ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí gan-an ni èèyàn ti ń rí òkè lórí òkè, tí kùrukùru aláwọ̀ búlúù ń ru lára wọn bí èéfín, èyí tó fún àwọn òkè náà lórúkọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀. Pátákó ààlà wà, kí àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ kan sí Tennessee, kí wọ́n fi èkejì sí North Carolina. Ìwọ̀n ooru lè fi 10 sí 20 Fahrenheit dínkù sí ti ìsàlẹ̀, nítorí náà kí Màmá wọ súwẹ́tà, kí wọ́n fi ìborùn bo èjìká. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ya fọ́tò aṣọ ẹbí: àǹkárá ni kí ẹ wọ̀, fìlà àti ìborùn kékeré. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á ṣí gèlè ńlá. Ẹ fi gèlè sílẹ̀ di alẹ́, torí alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ti gbọ̀ngàn àti DJ.

Àwọn ọ̀dọ́ lè wakọ̀ máìlì méje sí i lọ sí Kuwohi, tí wọ́n ń pè ní Clingmans Dome títí di oṣù kẹsàn-án 2024. Òun ló ga jù, 6,643 ẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀nà tó lọ sórí ilé ìṣọ́ rẹ̀ kò ju ìdajì máìlì lọ, wọ́n sì da ọ̀dà sí i. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà yẹn tàn yín: ó ga gan-an, àga onítáyà kò ṣe é tì lórí rẹ̀. Èyí tí àga onítáyà lè lọ ni ọ̀nà kékeré Sugarlands Valley, ìdajì máìlì, pẹrẹsẹ, láàárín igi àti odò. Ẹ gbé àga onítáyà tó ń ká dání kódà bí Màmá bá ní àwọn ò nílò rẹ̀. Ẹ má gbé e jáde, ẹ sáà jẹ́ kó wà nínú bùùtù.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ SS nínú ẹbí ńkọ́? Kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó gun Newfound Gap tàbí Kuwohi. Afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́, òtútù àti òùngbẹ lè pa pọ̀ dá ìrora sílẹ̀ fún un. Àwọn AS pàápàá, kí wọ́n má sáré gun òkè, kí wọ́n mu omi dáadáa. Bí Màmá bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ìtọ̀ wá, ẹ bi dókítà léèrè bóyá wọ́n lè sún un di ìgbà tí ẹ bá padà sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ má dá a yí padà fúnra yín.

Ọjọ́bọ̀, Cades Cove. Ọ̀nà máìlì 11 tó yí àfonífojì ká ni, apá kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń lọ, ó sì lè gba wákàtí méjì sí mẹ́rin torí gbogbo ọkọ̀ ló ń dúró wo àgbọ̀nrín. Ẹ wọ ibẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́. Sparks Lane àti Hyatt Lane ni ọ̀nà àbùjá méjì tí ẹ lè gbà jáde bó bá sú Màmá. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní Cable Mill, ní ìdajì ọ̀nà. Ẹ má ṣe é ní Ọjọ́rú, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún títí di ìparí oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ yẹn wà fún kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan.

Lórí owó, kò pọ̀: akápò kan ṣoṣo, owó àgbà yàtọ̀ sí ti ọmọ iléèwé, Màmá kò dá kọ́bọ̀. Owó ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jọ, kí ẹ sì fẹnu kò ṣáájú lórí ohun tí ẹni tó bá yẹ̀ máa gbà padà.

Ní ọjọ́ àtíbàbà, bí wọ́n bá jẹun tán, kí oorun ọ̀sán tó gbé Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n ki oríkì ìdílé yín fún àwọn ọmọ, kí ẹ gbà á sílẹ̀. Ẹ má jókòó sétí odò ṣe é. Létí wa, ìró odò máa ń dùn, ṣùgbọ́n nínú fóònù á dà bí òjò lórí páànù, á sì bo ohùn àgbàlagbà mọ́lẹ̀. Ẹ gbé àga wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà tó kẹ̀yìn sódò, bíi àádọ́ta ìṣísẹ̀ sí omi. Ẹ fi máìkì kékeré tí wọ́n ń fi há aṣọ há ọrùn bùbá wọn, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí àgbọ̀n. Ẹ gba ìṣẹ́jú kan sílẹ̀, ẹ fi earphone gbọ́ ọ, kí ẹ tó sọ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Fóònù méjì ni kó máa gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọmọ kan tó lè kọ Yorùbá sì jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àti báírò, kó máa kọ orúkọ àwọn baba ńlá bí wọ́n ṣe ń dárúkọ wọn, kó béèrè èyí tí kò yé e nígbà tí Màmá bá sinmi mu omi.